Ẹni Tí Yóò Kan Ilẹ̀kùn

"Tún un sọ," ni Carole wí, "ṣùgbọ́n tí o bá dé ibi tí o ti rí àwòrán bàbá rẹ lórí fóònù, dákẹ́ díẹ̀. Má yára kọjá. Jẹ́ kí wọ́n rí i lójú rẹ."

Ọmọlará gbójú sókè. Ó rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n Carole jókòó sí etí tábìlì, ó ń fi gègé gbá orúnkún rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí adarí akọrin tó ń dúró de ohùn tí kò tètè wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè orí wọn. Lẹ́yìn gíláàsì, òkun Libreville tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Kí ni kí wọ́n rí lójú mi?"

"Ìbànújẹ́." Carole sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ irú àwọ̀ aṣọ tó fẹ́ rà. "Àwọn olówó tó wà ní Paris yìí, láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ti ẹni tó ń ta ẹja lórí fóònù, ti ẹni tó ń pe takisí lórí fóònù. Ti bàbá rẹ yìí, wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó lágbára, Ọmọlará. Bí o bá tilẹ̀ lè sunkún díẹ̀, kò burú."

Ọmọlará pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ó pa á dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé bí ó bá pa á dé bí inú rẹ̀ ti fẹ́, gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà náà ìbá fọ́.

Òun nìkan ló kọ áàpù méjèèjì tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Kò ní alábàáṣe, kò ní ọ̀gá. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní báńkì, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wọn, ara rẹ̀ ló ń bá dámọ̀ràn ní òwúrọ̀, ara rẹ̀ náà ló ń bá jà ní ìrọ̀lẹ́. Áàpù kan ń jẹ́ Ìsọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù yóò sọ̀rọ̀ sí fóònù rẹ̀ ní èdè tó bá wà lẹ́nu rẹ̀, ìbáà ṣe Yorùbá, Nàgó tàbí Faransé, pé òun ti ta nǹkan báyìí. Fóònù yóò sì máa bá a rántí ohun tó kù lórí pẹpẹ. Èkejì ń jẹ́ Gbọ́. Bí ènìyàn bá kú nílé, ẹni tó wà nítòsí yóò tẹ ìròyìn náà sínú rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ọmọ àti ẹbí tó wà lẹ́yìn odi yóò gbọ́, lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹni tí yóò gbẹ̀yìn.

Ilé-iṣẹ́ tí Carole wà máa ń gba àwọn tó fẹ́ dá irú òwò yìí sílẹ̀. Wọ́n ń fún wọn ní yàrá, ìmọ̀ràn, àti ọdún kan láti fi rí ẹsẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Aago mẹ́rin ọ̀sán òní ni Ọmọlará yóò fojú kan àwọn olówó náà lórí ẹ̀rọ, tí yóò sì sọ èyí tó mú. Bí wọn kò bá gbà á, ìwé ìgbélùú rẹ̀, tí orúkọ báńkì ṣì wà lára rẹ̀, kò ní pẹ́ di bébà lásán.

Gbọ́ ni Carole fẹ́. Ohun tó sì ń dun Ọmọlará jù ni pé Gbọ́ ni òun náà fẹ́.

"Mo fẹ́ dé Atong Abè ná," ó ní. "Nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá wa wà lọ́wọ́ alága tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Bí kò bá fún mi láṣẹ, kí ni màá sọ fún àwọn ará Paris?"

"Padà dé kí aago mẹ́rin tó lù," ni Carole wí. "Kí o sì wọ aṣọ dúdú."

Ọmọlará ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé takisí kan, ó pe Atong Abè. Awakọ̀ tẹ fèrè, ìyẹn ni pé ó gbà. Ọmọlará há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn láàárín obìnrin kan tó gbé àpò gbágùúdá lé ẹsẹ̀ àti ọkùnrin kan tó ń sùn. Kí wọ́n rí i lójú rẹ. Bí ẹni pé ojú òun jẹ́ àtẹ. Bí ẹni pé bàbá òun kú kí nǹkan lè lágbára ní Paris.

Irú takisí báyìí náà ló wà ní ọjọ́ tó rí àwòrán náà.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Òkè-Igbó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò pè é. Alájì Abdulbaqi ló pè, alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá àti Nàgó ní Libreville, pé kí ó bá àwọn fi ọgbọ́n túfọ̀ fún ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é. A kì í da irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ẹni tó wà lókèèrè bí omi tútù. Alájì gbọ́, ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ẹgbẹ́ gbọ́. Wọn kò sọ. Wọ́n sin bàbá. Ọjọ́ ìbí bàbá wá pé, Ọmọlará sì gbé àwòrán wọn sórí fóònù kí gbogbo ènìyàn lè rí i, bàbá tíṣà pẹ̀lú gègé pupa nínú àpò àyà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Bàbá mi, ẹ ó pẹ́ fún wa. Alájì Abdulbaqi fèsì. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kọ.

Àmín.

Ọjọ́ kejì ni ìbátan wọn kan, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́, gbé àwòrán kan náà jáde pẹ̀lú òdòdó yíká rẹ̀: Sùn re o. Inú takisí ló ti rí i, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sunkún. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ń lọ, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Gbọ́.

*

Ṣọ́ọ̀bù Alájì Abdulbaqi kún fún ẹ̀yà ara mọ́tò láti ilẹ̀ dé àjà. Bẹ́líìtì rọ̀ lára ògiri bí ejò tó ti sùn. Alájì dúró láàárín wọn, ó gbé fóònù tí Ọmọlará yá a súnmọ́ ẹnu, ó ń pariwo sí i.

"Mo ta bẹ́líìtì kan! Èyí tó gùn!"

Fóònù dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi ohùn obìnrin sọ pé bẹ́líìtì gígùn ti fẹ́ tán. Alájì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Uwais, wí láti orí àpótí tó jókòó sí, "láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò bá mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àfi obìnrin inú fóònù."

"Èyí kì í bèèrè owó ọbẹ̀ lẹ́yìn tó bá dáhùn," ni Alájì wí. Ó rí Ọmọlará. "Áà, ọmọ mi, wọlé! Ìsọ̀ rẹ yìí dára. Aládùúgbò mi ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́."

"Mo dúpẹ́, sà." Ọmọlará kúnlẹ̀ díẹ̀ nítorí pé orúnkún rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, kì í ṣe nítorí pé ọkàn rẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. "Ọ̀rọ̀ èkejì ni mo bá wá. Gbọ́."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alájì. Ó gbé fóònù yíyá náà sílẹ̀ sórí káńtà.

"Èyí tó ń kéde òkú?"

"Èyí tó ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ pé òun ti di aláìníbaba, sà."

"Ọmọ mi, ikú kì í ṣe ohun tí à ń fi aago pè. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé e dání gbọ́dọ̀ wo ibi tí yóò gbé e sí."

"Ẹ gbé tèmi dání títí ó fi rà, Alájì."

Hàbíbátù dáwọ́ dúró nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Ọmọlará kò tíì sọ̀rọ̀ báyìí sí àgbà rí láyé rẹ̀. Ó rò pé ilẹ̀ yóò mì. Kò mì. Fóònù kékeré olóníbọ́tìnnì tó wà lápò Alájì ló ké.

Alájì gbé e sétí. Ó ní, "Ẹ kú ilé o." Lẹ́yìn ìyẹn ó kàn ń mi orí sí ẹni tí kò lè rí i. "Ìnnà lillàhi," ó wí níkẹyìn, ó sì jókòó lójijì sórí páálí kan tí kò yẹ kí ènìyàn jókòó sí. Páálí náà tẹ̀ wọlé lábẹ́ rẹ̀.

"Ta ni?" ni Hàbíbátù bi í.

"Ìyá Wàrísù. Ní Kétu. Láàárọ̀ yìí."

Wàrísù ni ọmọ Nàgó láti ilẹ̀ Benin tó ń kan òrùlé kiri Libreville. Òun ló kan ti ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an. Ó wà lára àwọn díẹ̀ tó gbà kí Ọmọlará fi Gbọ́ dánwò lórí fóònù wọn. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀: ìyá tí kò jẹ oúnjẹ títí òun yóò fi pè, ìyá tó ń bi í láti Kétu bóyá ó ti wọ síwẹ́tà, nínú ooru Gabon.

"Ó wà lórí òrùlé ní Akanda," ni Hàbíbátù wí. Ó ti dìde. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbọ́ o."

"Kó parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí," ni Alájì wí. "A ó kọ́kọ́ sọ pé ara ìyá kò yá. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ pé ó le díẹ̀. A ó wá ẹni tí yóò bá a wọkọ̀."

"Màá gbé oúnjẹ lọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn ló já okùn tó so Ọmọlará.

"Oúnjẹ," ó ní. "Ẹ gbé ìrẹsì àti ẹja wá fún èmi náà, Ìyá Uwais. Nínú abọ́ aláwọ̀ ewé yẹn. Mo ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe tí ẹ fi fẹ́ràn mi tó báyìí. Mo fọ abọ́ yín. Mo fi ọsàn sínú rẹ̀ kí n tó dá a padà, torí pé wọ́n kọ́ mi nílé pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín! Wọ́n ti bo bàbá mi mọ́lẹ̀, mo ń kó ọsàn fún yín, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ sì gba ọsàn náà."

"Àánú rẹ ló ṣe wá," ni Hàbíbátù wí, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Mo ní kí wọ́n pẹ́ fún wa. Alájì, ẹ ní àmín."

Alájì tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí epo mọ́tò ti wọ inú ìlà wọn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Mo wá sílé rẹ. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí gan-an ni mo wá. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí o ń kọrin nínú ilé. Mo dúró títí. O kò dákẹ́. Mo ní, ta ni èmi tí màá gba orin yẹn lẹ́nu rẹ? Mo padà. Ìgbà tí mo tún wá ńkọ́, ọjọ́ ti lọ, ẹnu mi ti wúwo. Bí ó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń wúwo sí i."

Ọmọlará kò mọ ìyẹn. Ó rò pé yóò rọ òun lọ́kàn, kò rọ̀ ọ́. Ó rántí orin náà. Orin ilé-ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀ ni, ó ń gbá ilẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn," ó ní.

Ó ti yọ fóònù rẹ̀. Ó ṣí Gbọ́. Ó tẹ orúkọ Wàrísù, ó tẹ Kétu, ó tẹ ìyá. Ìdí tó fi kọ ọ́ nìyí. Kí ó má sí àgbà kankan, kí ó má sí ẹnu wíwúwo kankan láàárín ọmọ àti òtítọ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Bọ́tìnnì pupa kékeré tan ìmọ́lẹ̀ nísàlẹ̀: Fi ránṣẹ́.

"Ọmọlará," ni Hàbíbátù wí. "Má ṣe é. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Kí ìka rẹ̀ tó balẹ̀, fóònù náà gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ Wàrísù bo bọ́tìnnì mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀, páànù ń ró gbàm̀-gbàm̀ lẹ́yìn. "Ẹ ti gbàgbé mi ni? Ẹ ní ẹ ó fi ìdánwò ránṣẹ́ láàárọ̀, láti àárọ̀ ni mo ti ń wojú fóònù bí olólùfẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì kò sí nísàlẹ̀, mo ti gun góńgó ilé pátápátá. Ọwọ́ kan ni mo fi di irin mú, ọwọ́ kejì fóònù. Ó yá, ẹ jẹ́ ó dún! Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ!"

Ọmọlará la ẹnu. Ó rí i bí ẹni pé ó wà níbẹ̀: góńgó ilé, bàtà rọ́bà tó ti jẹ, ọwọ́ kan.

"Wàrísù, sọ̀ kalẹ̀."

"Hẹ̀n?"

"Sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Kí ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀. Mò ń bọ̀ wá bá ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí nǹkan," ni Ọmọlará wí.

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ geere, bí ọ̀rọ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí eyín rẹ̀ tó hù. Ìpè já. Ó gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni pé òun kọ́ ló sọ ọ́. Hàbíbátù ń wò ó. Kò sí ayọ̀ ìṣẹ́gun lójú obìnrin náà, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ojú ti Ọmọlará.

Ó pa ohun tó tẹ̀ rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí ìyá fi lọ, títí Kétu fi lọ.

"Alájì, ẹ wọ bàtà yín."

"Níbo?"

"Akanda. Ẹ̀yin ni wọ́n pè. Ẹ̀yin lẹ ó sọ ọ́. Lónìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Bí ó bá ṣubú lulẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ ni yóò ṣubú sí, sà. Kì í ṣe láti orí òrùlé. A ó sì wà níbẹ̀."

Alájì wo ìyàwó rẹ̀. Hàbíbátù na bàtà rẹ̀ sí i láti abẹ́ káńtà.

*

Ọ̀nà Akanda gùn, oòrùn sì ti yí. Wọ́n jókòó sẹ́yìn takisí, Alájì ń yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ọmọlará mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà nìkan. Ó ń wá gbólóhùn. Carole pè. Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀rọ fẹ́ dán ohùn wò, níbo ló wà? Ó ní òun wà lọ́nà. Kò sọ ọ̀nà ibo ni.

Bàbá Ọmọlará kì í jẹ́ kí ọmọ iléèwé jókòó lórí ọ̀rọ̀ tí kò tán. Tíṣà yóò dúró, gègé pupa lọ́wọ́, títí ìwọ yóò fi mú un dópin, ìbáà ṣe òtítọ́ tó máa gba ẹgba. Parí gbólóhùn rẹ, wọn a wí. Wọn kì í jágbe. Wọn a kàn dúró.

Ilé tí Wàrísù ń kàn wà láàárín ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Páànù tuntun ń kọ mànà, ojú kò gbà á. Ilé náà kò tíì ní ilẹ̀kùn, férémù igi lásán ló wà lójú ọ̀nà, Wàrísù sì jókòó nínú ilé lórí ìtì pákó, ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù tó ti fọ́ yẹ́úyẹ́ú.

Alájì dúró níta férémù. Kò sí ohun tó dí i lọ́nà, síbẹ̀ kò lè wọlé. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì kan igi náà, kò, kò, kò, bí ẹni pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀.

Wàrísù gbójú sókè. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jẹ mí ní gbèsè fóònù! Ìgbà tí ẹ ní kí n sọ̀ kalẹ̀, mo fi ìkánjú..." Ó rí Alájì. Ó rí i pé Alájì ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán, pé kò tún fìlà rẹ̀ tó yẹ̀ dé. Ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀ sí i, kò mọ ibi tí yóò lọ.

"Wàrísù," ni Alájì wí. "Ọmọ mi. Ìyá rẹ..."

Ó dúró. Ó yí ojú sí pákó, sí páànù, sí ojú ọ̀run. Ọmọlará rí i tó ń kúrò ní ẹnu ọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.

"Ẹ parí ẹ̀, sà," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ìyá rẹ ti kú, Wàrísù. Wọ́n ti dágbére fún wa."

Wàrísù kò ṣubú. Ó tẹ ara rẹ̀ síwájú, ohùn kan tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sì jáde lára rẹ̀. Alájì ti wọlé. Ó ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa náà pẹ̀lú agbádá, ó di ọmọkùnrin náà mú ní èjìká, ó ń sọ pé, "Mo wà níbí, mo wà níbí." Ọmọlará jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nígbà tó pẹ́, Wàrísù bèèrè pé, "Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí."

"Òní?" Ó nu ojú. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbà gbọ́. "Òní yìí? Ẹ̀yin àgbà sọ ọ́ fún mi lónìí?" Ohun kan yí padà lójú rẹ̀. "Wọn ò tíì sin wọ́n, àbí?"

"Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin," ni Alájì wí.

"Mo lè rí wọn. Àbúrò mi lè gbé fóònù sókè, mo lè kí ìrun sí wọn lára láti ibí, mo lè..." Ó gbé fóònù rẹ̀ tó fọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Alájì yọ olóníbọ́tìnnì tirẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ kékeré tí kò lè fi àwòrán kankan hàn, ó dá a padà sápò.

Àwọn méjèèjì kò wo Ọmọlará. Wọ́n mọ ohun tí aago mẹ́rin jẹ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè fóònù rẹ̀.

Ó dìde, ó jáde sí ibi tí òjìji páànù bọ́ sí, ó pe Carole.

"Enfin! Níkẹyìn! Wọlé wá, àwọn ará Paris ti fẹ́ dé orí ẹ̀rọ."

"Mi ò ní lè wá. Fóònù mi ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ ṣe ní aago yẹn. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè rí mi lọ́la. Ìsọ̀ ni mo mú."

"Ìsọ̀?" Carole rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n gbá lójú. "Áàpù ṣọ́ọ̀bù? Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ní irú rẹ̀. Ta ni yóò sunkún nítorí bẹ́líìtì mọ́tò?"

"Kí ẹnikẹ́ni má sunkún. Kí wọ́n rà á bí ó bá dára."

"Gbọ́ ńkọ́?"

Ọmọlará wo inú férémù. Alájì ń bá Wàrísù bu omi sí ọwọ́ láti inú ike fún àlùwàlá, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ ọwọ́.

"Kì í ṣe títà," ó ní.

"Ọmọlará, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. O mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọdún kan gbáko lo fẹ́ jù nù. Nítorí kí ni?"

"O ní kí n sunkún fún wọn, Carole. O ní kí n wọ aṣọ dúdú." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Bàbá mi ni wọ́n o. Wọn kì í ṣe ìpolówó ọjà."

Ó gé ìpè náà.

Ó tẹ nọ́ńbà àbúrò Wàrísù bí ọmọkùnrin náà ti ń kà á fún un, ó sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Àgbàlá kan ní Kétu hàn, ó ń mì, ẹsẹ̀ ènìyàn, àwọn adìẹ tí wọ́n ń lé, aṣọ funfun. Wàrísù dúró sẹ́yìn àwọn tó tò síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun wà láàárín wọn. Alájì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ Carole tún ń já bọ́ sórí àwòrán náà láti òkè, ó bo orí àwọn tó gbé òkú lẹ́ẹ̀kan. Ọmọlará na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbá a kúrò. Ó tún wá. Ó tún gbá a kúrò. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá, kò wá mọ́.

Nígbà tí erùpẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́, Wàrísù pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ kan tí Ọmọlará kò gbọ́ rí, orúkọ inú ilé wọn. Ẹnìkan ní Kétu dá a lóhùn láti inú ogunlọ́gọ̀ náà, "Ọmọ rẹ̀ ti dé o! Wàrísù ti dé!" Gbogbo wọn sì yí ojú sí fóònù.

Lẹ́yìn tó parí, àwọn mẹ́ta jókòó sórí ìtì pákó. Òjìji òrùlé tí kò tíì kún ti gùn lórí ilẹ̀. Wàrísù dá fóònù padà fún Ọmọlará, ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀ kí ó tó fún un.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bàbá yín. Kí ni wọ́n ń jẹ́?"

Kò sẹ́ni tó bi í rí ní ìlú yìí. Carole ti ní kí ó sọ ìtàn náà ní àìmọye ìgbà, kò bèèrè orúkọ rí.

"Dáníẹ́lì," ni Ọmọlará wí. "Dáníẹ́lì Ìṣọ̀lá." Ó kù díẹ̀ kí ó dákẹ́ síbẹ̀. Ó parí rẹ̀. "Àkànjí."

Wàrísù tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ti bó nítorí irin. "Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá Dáníẹ́lì Ìṣọ̀lá Àkànjí sí afẹ́fẹ́ rere."

Alájì kò wo ilẹ̀ mọ́. Ó kọjú sí Ọmọlará gan-an.

"Àmín," ni Alájì wí.

Ọmọlará dúró de ìbínú tirẹ̀, kí ó dìde bí ó ti máa ń dìde sí ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yìí wá. Ó dìde. Ṣùgbọ́n kò dá nìkan wá, ẹkún bá a wá; Ọmọlará gbé fóònù sílẹ̀ lórí pákó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú.